Bí Olójú-Kan Ṣe Wá Ìkejì Dáyámọ́ńdì Kan

Gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó ń pe àbúrò ìyá mi ní Olójú-Kan, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ méjèèjì ló pé, wọ́n sì mọ́ gaara. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí pé ìgbàkígbà tí ènìyàn bá wọlé, yóò bá a níbi tó ti di ojú òsì, tó sì fi awò kékeré kan há ojú ọ̀tún, awò tó lè sọ ìdin di ejò. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tó ti ń dán òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn ní ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Òórùn búrẹ́dì a máa gun àtẹ̀gùn bá wọn láràárọ̀. Ó máa ń wí pé ebi ni owó oṣù tí àwọn kọ́kọ́ ń gbà.

Àga mẹ́rin ló wà nínú yàrá iṣẹ́ wọn. Mẹ́ta wà lábẹ́ iná mànàmáná. Ẹ̀kẹrin dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí apá ibi tí oòrùn kì í là, tí kì í sì í wọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ fi ń rí bákan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń yan òkúta. Kì í lu wúrà, kì í yọ́ fàdákà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó wo dáyámọ́ńdì lọ, kí ó sì sọ pé èyí ni, tàbí èyí kọ́. Bàbá arúgbó kan ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó síbẹ̀. Bàbá Eléérú ni wọ́n ń pè é, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú ni ó ń wọ̀ lójoojúmọ́ ayé. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé ahun ni bàbá náà. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé inú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n bí i sí.

Nígbà tí ó ku oṣù méjì kí Bàbá Eléérú fẹ̀yìn tì, ó ní Olójú-Kan ni òun fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ náà, nítorí pé òun nìkan ni kì í ṣẹ́jú púpọ̀. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ gbé òkúta láìjẹ́ kí ó ta sọnù. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń da ojú dáyámọ́ńdì délẹ̀ sínú bébà funfun tí a ká, kí a lè ti ẹ̀gbẹ́ wo àwọ̀ rẹ̀, nítorí pé dídán ojú rẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Ó kọ́ ọ pé kí ó mí sí i lára, kí èémí lè bo dídán náà fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, kí àwọ̀ gan-an lè yọjú. Lẹ́yìn náà ni ó kó ife tíì rẹ̀, ó sì lọ sílé ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà kò fi àga náà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ó pe Olójú-Kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo gbọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa ẹ. Ṣùgbọ́n etí ni mo fi gbọ́ ìyẹn. Iṣẹ́ ìyànkúta àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, ìwọ lo máa ṣe é. Tó bá yọrí, àga yẹn ti di tìẹ. Tí ò bá yọrí, o máa padà sídìí ẹ̀rọ ìdán, màá lọ wá ẹlòmíì wá láti ìta."

"Mo gbọ́, sà."

"Má wulẹ̀ gbọ́. Ríran ni mo ní kí o ríran."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Olójú-Kan bí, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé búláòsì tuntun kan kalẹ̀ fún un. Yẹ́lò ni, ó ń tàn yòò bí pupa ẹyin. Ọmọ náà ní ẹni tó ń lọ jókòó sáàyè ọ̀gá kì í múra bí ẹni tó ń lọ fọ ilẹ̀. Olójú-Kan wọ̀ ọ́, ó yí ara rẹ̀ po níwájú dígí, inú rẹ̀ sì dùn. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fìríìjì ṣe, ń wá sípánà rẹ̀ kiri nínú àpótí irinṣẹ́. Ó gbójú sókè.

"Ìyàwó mi, tí iná bá lọ níbi iṣẹ́ yín lónìí, ẹ má wulẹ̀ tan àbẹ́là."

"Ìlara ń pa ọ́," ni ó wí, ó sì jáde.

Kò tíì tó wákàtí kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí télọ̀ kan fi gun àtẹ̀gùn wọlé. Ọkùnrin náà ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó tú ìnujú kan sórí tábìlì. Yẹtí wúrà méjì ló wà nínú rẹ̀. Dáyámọ́ńdì kan tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ wà lójú ọ̀kan. Ojú èkejì ṣófo, ó rí bí ẹnu ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

"Ìyàwó mi ló ni ín," ni télọ̀ náà wí. "Ó lọ kí ọmọ tí ọmọ wa bí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń bọ̀. Mo ní kí n bá a fọ yẹtí ẹ̀ kó tó dé, kó lè yà á lẹ́nu. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ̀ ọ́, lórí sínkì."

"Òkúta náà wá fò."

"Kò fò. Wẹ́rẹ́ ló wọ ihò omi lọ, bí ẹni tó ń lọ sílé."

"Ẹ ò tú páìpù wò, bàbá?"

"Mo tú gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ níwájú ọmọlúàbí. Dáyámọ́ńdì kọ́ ṣá."

"Ó dájú pé ó máa yà wọ́n lẹ́nu, sà," ni Olójú-Kan wí.

"Ọmọ mi, má fi mí ṣeré. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lobìnrin yìí ti ń wo yẹtí yìí nínú dígí. Tí o bá fi àlejò síbẹ̀, ó máa mọ̀."

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọn kò ní kí ó yan dáyámọ́ńdì tó dára jù. Ẹni tó ń wá èyí tó dára jù kò ní ìyọnu púpọ̀. Èyí tó mọ́ jù náà ni yóò mú. Ìkejì ni wọ́n ní kí Olójú-Kan wá: òkúta tí yóò bá èyí tó kù dọ́gba ní títóbi, ní ìrísí àti ní àwọ̀, kí obìnrin tó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó má baà fura. Alágbàtà òkúta tó ń bá ilé iṣẹ́ náà ṣòwò gbé mẹ́rìnlá wá ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àdéhùn ni pé yóò padà wá kó àwọn tí wọn kò bá fẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́rú.

Olójú-Kan yọ òkúta ti àtijọ́ kúrò lójú yẹtí, ó dà á délẹ̀ sínú bébà funfun, ó sì ń mú àwọn mẹ́rìnlá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń mí sí wọn lára, ó ń wò, ó ń nù wọ́n, ó ń tún wò. Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, ìkẹsàn-án nínú wọn ti jókòó ti èyí tó wà nílẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá náà wá dúró sí ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi awò tirẹ̀ wò ó pẹ́.

"Àfi bí ẹni tó jọ mu ọmú kan náà," ni ọ̀gá wí. Ó ká bébà náà, ó fi í sínú àpótí irin, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orin ni Olójú-Kan ń kọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópónà wa.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ti fọ búláòsì náà, ó sá a sórí okùn, ó sì wọ aṣọ funfun kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ṣí àpótí irin, ó gbé bébà náà lé e lọ́wọ́ kí ó lè fi òkúta méjèèjì lé ẹni tó ń dè wọ́n mọ́ wúrà lọ́wọ́. Olójú-Kan tú bébà náà lórí tábìlì láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkúta àtijọ́ mọ́ lóló bí omi òjò. Tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí bí omi tí a fi ṣan ife tíì.

Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá kò sì lè jí ohun ara rẹ̀. Ó wọn òkúta náà. Ìwọ̀n kò yí padà. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ojú rẹ̀. Ó di ọ̀tún, ó fi òsì wò. Ó di òsì, ó fi ọ̀tún wò. Ó ka lẹ́tà tó kéré jù lára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri òdìkejì láìkọsẹ̀. Ojú náà kò ṣe nǹkan kan. Ó tún wo bébà. Omi tíì ṣì ni.

"Fún mi láàyè di ọ̀la," ni ó sọ fún adèkúta. Nígbà tí wọ́n jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ọmọ Bàbá Eléérú.

Ó bá bàbá náà lórí àga lẹ́yìnkùlé, ó ń ka ìwé ìròyìn. Olójú-Kan fẹ́ kúnlẹ̀, ó sì gbàgbé láti parí rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa fòò ni bàbá wọ̀, a sì ya ẹyẹ odídẹrẹ́ sí i lára, méjìlá ó kéré tán, gbogbo wọn ló la ẹnu.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé kò sí?"

"Kí ló fẹ́ wà? O ò tíì rí ẹyẹ rí ni?"

Ó jókòó, ó sì rojọ́ náà látòkèdélẹ̀: yẹtí, sínkì, òkúta mẹ́rìnlá, bí méjèèjì ṣe jọra lánàá tí wọ́n sì di àjèjì síra wọn lónìí. Nígbà tí ó parí, Bàbá Eléérú bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Kí lo wọ̀ lánàá?"

"Bàbá, òkúta lèmi ń sọ, aṣọ lẹ̀ ń bèèrè."

"Aṣọ náà ni mò ń bèèrè. Àwọ̀ wo ni?"

"Yẹ́lò ni. Ọmọ mi ló rà á fún mi."

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn odídẹrẹ́ sì ń jó láyà rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé dígí wẹ́wẹ́ ni dáyámọ́ńdì nínú ara rẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀ ni yóò gbé mì. Búláòsì rẹ̀ ló da yẹ́lò sórí bébà funfun náà, tó rẹ òkúta méjèèjì ní aró kan náà, tí èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́ fi di ọmọ ìyá. Nígbà tí búláòsì lọ sórí okùn, kálukú padà sí àwọ̀ rẹ̀.

"Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin fi ń wọ..."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Eérú kì í da àwọ̀ sórí nǹkan. Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn ẹ̀ ni? Mo kórìíra ẹ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo ra eléyìí."

"Ẹ ò sì sọ fún wa, Bàbá. Ahun la rò pé ẹ jẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ẹnì kan ò bi mí léèrè rí. Abèèrè kì í ṣìnà." Ó ṣí ojú ewé ìwé ìròyìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀. "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà tí mò ń kọ́ ẹ. Nǹkan tó bá ti mọ́ èèyàn lára, ẹnu kì í rántí ẹ̀."

Ní alẹ́, bí a ti ń jẹun nílé wọn, Olójú-Kan sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ìyẹn rí ọ̀nà àbáyọ. Alágbàtà kò tíì wá kó òkúta rẹ̀, àbí? Kí ó tètè débẹ̀, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì pa ẹnu dé. Ta ló máa mọ̀?

"Ọ̀gá mi ò ní mọ̀," ni ó fèsì. "Ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀. Táì pupa ló máa ń wọ̀. Tí mi ò bá sọ fún un, ó máa fi táì yẹn wá dúró lé mi lórí títí ayé, a ó sì máa jọ ṣìnà."

"Tó bá wá gba àga ẹ ńkọ́?"

Olójú-Kan dìde, ó lọ sídìí àpótí aṣọ, ó sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jáde, èyí tó ní àbàwọ́n òróró lápò.

"Aṣọ tí mo fi ń dojú fìríìjì délẹ̀ lo fẹ́ wọ̀ lọ yan dáyámọ́ńdì?"

"Àwọ̀ eérú ni," ni ó wí. "Àbàwọ́n yẹn, màá kọ ẹ̀yìn sí i."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, ó ti tú bébà náà síwájú ọ̀gá, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, tòun ti odídẹrẹ́. Ọ̀gá náà wo òkúta méjèèjì, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tó gùn dé orúnkún rẹ̀, ó tún wo òkúta.

"Èmi fi ẹ́ síbẹ̀ kí o máa ríran, aṣọ ló wá ń bá ẹ ríran."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi náà wò ó."

"Ẹ̀yin náà wò ó, sà."

"Kò sẹ́ni tó bi ẹ́ nìyẹn." Ó ká bébà náà, ó sì tún un tú. "Ó dáa. Ẹni tó lòkúta ń bọ̀ lọ́sàn-án. Tún un yàn. Ṣùgbọ́n ojú tèmi náà ti jẹ́rìí èké, mi ò ní fi dá ẹjọ́ yìí mọ́. Ìyàwó télọ̀ yẹn ló máa dá a. Tí kò bá fura, o yege. Tó bá fura, ẹ̀rọ ìdán ń dúró dè ọ́."

Olójú-Kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíní. Òkúta mẹ́ta tí ó ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ Ajé ló wá ń fi ara hàn báyìí. Ọ̀kan tóbi jù díẹ̀. Èkejì mọ́ ju èyí àtijọ́ lọ, yóò sì dójú tì í bí a bá jọ so wọ́n sétí ẹnì kan náà. Ó ku ẹ̀kẹta. Bí ó ṣe ń mí sí i lára, ó rí i tí nǹkan pupa kan fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá létí bébà. Kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sún sẹ́yìn. Táì yín."

Ọ̀gá náà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú ilé iṣẹ́ tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́, ó sì ń dúró títí Olójú-Kan fi sọ pé, "Èyí ni."

Wọ́n dè é mọ́ wúrà ní ọjọ́bọ̀. Télọ̀ wá gbà á ní ọjọ́ kejì, ó gbé e yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní òun kò mọ̀yàtọ̀, ṣùgbọ́n pé ìyẹn kì í ṣe ìtùnú, nítorí òun kò mọ̀yàtọ̀ nínú ohunkóhun tí kì í ṣe aṣọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọjá. Ọjọ́ Àìkú kọjá. Lọ́jọ́ méjèèjì yìí, Olójú-Kan ń gbálẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbá.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wọlé, ó sì gbé yẹtí méjì kalẹ̀ lórí tábìlì. Olójú-Kan mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá náà mọ̀ wọ́n. Olójú-Kan ti ń wo apá ibi tí ẹ̀rọ ìdán wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyàwó télọ̀ wí. "Ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ bá a bo àṣírí ẹ̀."

"Ẹ fura, mà?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Mo fura kẹ̀. Ọkùnrin tí kò fọ ife rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mo délé mo bá yẹtí tó ń dán bí ìgò. Mo ní, kí lo ṣe? Kí n tó jókòó ó ti jẹ́wọ́."

"Ìfọ̀ yẹn lẹ fi mọ̀," ni Olójú-Kan wí. "Òkúta yẹn ńkọ́, mà?"

"Òun ló gbé mi wá. Ọkọ mi ní ọ̀kan ti lọ, tuntun ló wà níbẹ̀. Mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó lálẹ́, mo gbé e lọ síta, mo yá awò ojú àbúrò mi. Mi ò rí i. Ẹ fi tuntun hàn mí, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó jẹ́ tàtijọ́ ni mo fẹ́ máa fi sí etí tí mo fi ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ mi, torí ìyẹn ti mọ gbogbo irọ́ ẹ̀."

Ọ̀gá náà fi awò sójú. Ó wo yẹtí àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó padà sí àkọ́kọ́. Ó tẹ́ ìka lé èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Èyí ni tuntun."

Olójú-Kan wo ìka náà. Ọ̀gá yíjú sí i.

"Àbí òun kọ́?"

"Òun kọ́, sà. Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kò tó ẹnu abẹ́rẹ́. Ọwọ́ yín ló wà lórí ẹ̀ yẹn."

Ọ̀gá tún wò ó. Ìyàwó télọ̀ náà gba awò, ó di ojú tí kò yẹ kí ó dì, wọ́n bá a tún un ṣe, ó wá rí àmì náà, ó sì kí i bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ lọ́jà. Ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí tí ó fẹ́ wọn sí, ó dágbére, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti dúró ra búrẹ́dì.

Olójú-Kan ṣì dúró síbi tí ó wà, kò mọ apá ibi tí yóò kọjú sí. Ọ̀gá náà ti padà sídìí tábìlì tirẹ̀, ó ń wá nǹkan kan nínú ìwé.

"Alágbàtà òkúta ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá," ni ó wí láìwo ẹ̀yìn. "Ogójì ló ń gbé bọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó bá àga ẹ lófìfo."